Wọ́n Mọwọ́ Ara Wọn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Inú Eré NCIS

Eré orí tẹlifíṣàn la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju eré lọ. Ọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wo eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ẹ ó ti rí i pé ọ̀nà kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń tọ̀. Wọ́n á rí òkú, wọ́n á wá ẹ̀rí, wọ́n á kọ́kọ́ fura sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí eré parí, ọwọ́ á tẹ ọ̀daràn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òkú mìíràn dé. Ta ló wá ń rántí orúkọ apànìyàn tí wọ́n mú ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Èmi ò rántí o. Ṣùgbọ́n àwọn tó mú un ńkọ́? Mo mọ ibi tí kálukú wọn ń jókòó sí. Mo mọ ẹni tó ń fi ẹnì kejì ṣẹ̀fẹ̀, mo mọ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mo mọ ẹni tí inú máa ń tètè bí. Àwọn gan-an la ń padà wá wò.

Eré tí màá fi ṣe àpẹẹrẹ ni NCIS, eré àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń jáde lórí ìkànnì CBS. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2003 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì ti lé ní ogún ọdún báyìí. Donald Bellisario àti Don McGill ló dá a sílẹ̀. NCIS tí wọ́n fi sọ eré náà, orúkọ iléeṣẹ́ ìjọba kan ni lóòótọ́. Àwọn ló ń wádìí ìwà ọ̀daràn tó bá kan àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà àti àwọn ọmọ ogun Marine. Tí wọ́n bá bá òkú ọmọ ogun ojú omi kan níbi tí kò yẹ, àwọn ni wọ́n á ké sí.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi yẹ̀ wò ni èyí: kí ló so ẹgbẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú eré yìí pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Àwọn kan á ní ìfẹ́ ni. Àwọn mìíràn á ní ìwà wọn ló bára mu. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni pé olúkúlùkù ní àyè tirẹ̀ tí ẹlòmíràn kò lè dí, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá lọ, wọn kì í ṣe bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹni tuntun bá sì dé, wọn kì í ní kó wá di ẹni tó lọ.

Ẹ jẹ́ ká wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá wọn ni Leroy Jethro Gibbs, tí Mark Harmon ṣe. Gibbs ti ṣe ọmọ ogun Marine rí, ó sì mọ ìbọn í yìn láti ọ̀nà jíjìn. Wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tó wà lójú ogun ní 1991, láti ìgbà náà ló sì ti di ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn òfin tó fi nọ́ńbà sí, tí gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ mọ̀ lórí: má ṣe fi àwọn afurasí sí ojú kan náà, má gba ohun tí wọ́n sọ fún ọ gbọ́ láìtún un yẹ̀ wò, má ṣe rìn láìmú ọ̀bẹ dání.

Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Tony DiNozzo, tí Michael Weatherly ṣe. Ọlọ́pàá ni Tony ní Philadelphia àti ní Baltimore kó tó débẹ̀. Aláwàdà ni, ẹlẹ́nu ni, kò sì sí ọ̀ràn tí kò ní rántí fíìmù kan tó jọ ọ́. Ènìyàn lè rò pé kò mọ nǹkan mìíràn ju yẹ̀yẹ́ lọ, àfi ìgbà tó bá jókòó ti afurasí kan, tó sì mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan pé irọ́ lonítọ̀hún ń pa. Timothy McGee, tí Sean Murray ṣe, ló wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kọ̀ǹpútà ni McGee, onítìjú díẹ̀, tó tún ń kọ ìwé ìtàn àròsọ ní ìkọ̀kọ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ṣe ẹ̀dá inú ìwé náà, orúkọ wọn ló kàn lọ́ díẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n ka ìwé náà, ilé gbóná fún un.

Abby Sciuto, tí Pauley Perrette ṣe, ló wà nínú yàrá àyẹ̀wò. Aṣọ dúdú, ara fínfín, orin aláriwo. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i lè má mọ̀ pé òun ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń fi ọta ìbọn àti ẹ̀jẹ̀ inú aṣọ sọ ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń yẹ òkú wò, Dókítà Donald Mallard ló wà níbẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Ducky. David McCallum, ọmọ Scotland, ló ṣe é. Ducky máa ń bá òkú sọ̀rọ̀ bó ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó máa ń pìtàn fún un, ó sì máa ń bu ọlá fún un bí ẹni tó ṣì ń gbọ́.

Ẹ wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ducky á yọ ọta ìbọn lára òkú, á fi í ránṣẹ́ sí Abby. Abby á sọ irú ìbọn tó ti jáde. McGee á tọ ipasẹ̀ fóònù òkú àti owó tó wà ní báńkì rẹ̀. Tony á lọ kanlẹ̀kùn àwọn aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni Gibbs á wá wọ yàrá ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú fáìlì kan lọ́wọ́, á jókòó, á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń mú kí afurasí bẹ̀rẹ̀ sí í tú pẹrẹpẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kí ló mú kí Gibbs lè dákẹ́? Ohun tó wà nínú fáìlì náà ni, kò sì sí èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Gibbs kò lè fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí McGee ń fi í ṣe, kò sì díbọ́n pé òun lè ṣe é. Nígbà tó bá lọ bá Abby, ohun mímu tí Abby fẹ́ràn ló máa ń mú dání fún un. Ọ̀gá ló ń gbé nǹkan mímu lọ fún ọmọ abẹ́ rẹ̀. Wọn kì í fi ẹnu sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó ń wò ó ló yé.

Kì í ṣe àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ló mọ èyí. Àwọn tó bá ka ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, Àjà Ló Lẹrù tó jáde ní 1969, á rántí Lápàdé àti Tàfá Ìgìrìpá. Lápàdé ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, onílàákàyè ni. Tàfá ní agídí àti agbára tirẹ̀. Bí wọ́n bá jọ jẹ́ ọlọ́gbọ́n bíi Lápàdé, ìtàn ì bá má dùn. Bí wọ́n bá sì jọ jẹ́ Tàfá, ọ̀daràn ì bá ti sá lọ. Èyí fi hàn pé kò sí orílẹ̀-èdè tó ni ọgbọ́n kíkọ irú ìtàn yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ènìyàn méjì tí ẹnì kìíní kò lè dá ṣe é láìsí ẹnì kejì.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ìjà díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í. Wọ́n rò pé ẹgbẹ́ tó dára kì í jà. Àwọn NCIS ń jà lójoojúmọ́. Tony kì í fi McGee lọ́rùn sílẹ̀. Òun àti Kate Todd, obìnrin tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, tí Sasha Alexander ṣe, wọ́n máa ń já ara wọn lọ́rọ̀ bí ọmọ ìyá. Bí Tony bá sọ̀rọ̀ jù, Gibbs á gbá a lẹ́yìn orí. Weatherly ti sọ ọ́ rí pé ìgbátí yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ. Ìdí iṣẹ́ ni Harmon ti ṣàdédé gbá a nígbà tó ń ṣeré níbi tó yẹ kó ti fọkàn sí iṣẹ́, àwọn tó ń ya eré sì rí i pé ó bá ìtàn mu. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2005. Lẹ́tà kan dé ọ́fíìsì, Tony ṣí i, ìyẹ̀fun funfun tú jáde. Àjàkálẹ̀ àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé Tony àti Kate lọ sí yàrá àdáwà, níbi tí iná aláwọ̀ búlúù wà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé Kate kò ní àrùn náà, ó lè máa lọ sílé. Kò lọ. Ó dúró ti Tony, ó sì ṣe bí ẹni pé ara òun náà kò dá, kí Tony má bàa mọ̀ pé òun nìkan ni ikú ń lépa. Ẹni tó ti ń bá a jà láti àná! Gibbs wá dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó pàṣẹ fún Tony pé kò gbọdọ̀ kú, ó sì gbá a lẹ́yìn orí fẹ́rẹ́. Ìgbátí tó ti jẹ́ ìbáwí láti ìbẹ̀rẹ̀ wá di àdúrà lọ́jọ́ náà. Àwọn tó kọ eré náà kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ká ní wọn kò ti fi ọdún méjì gbá Tony lórí lásán. Àwọn ohun kékeré tó ń tún ara wọn ṣe lójoojúmọ́ ló ń sọ̀rọ̀ nígbà tí nǹkan ńlá bá dé.

Apá tó tẹ̀ lé e gan-an ni wọ́n pa Kate. Lórí òrùlé ilé kan, lẹ́yìn tí wọ́n ti rò pé ewu ti kọjá, ọta ìbọn kan ba orí rẹ̀. Ọ̀tá wọn kan tó ń jẹ́ Ari Haswari ló yìn ín. Ọ̀pọ̀ eré ni ì bá sin ín kíá, kí wọ́n wá òmíràn. Nígbà tí eré padà dé ní oṣù kẹsàn-án, àwọn tó ṣẹ́kù bẹ̀rẹ̀ sí í rí Kate lójú inú wọn, bí olúkúlùkù ṣe mọ̀ ọ́n. Kate tí Gibbs ń rí kì í ṣe Kate tí Abby ń rí. Ọgbọ́n ńlá ni mo ka èyí sí, nítorí bí ọ̀fọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi iṣẹ́ kan náà ni, ẹnì kan náà ló lọ, ṣùgbọ́n ohun tí kálukú sọ nù yàtọ̀.

Ta ni wọ́n wá mú wá? Ziva David, òṣìṣẹ́ Mossad, iléeṣẹ́ amí Ísírẹ́lì, tí Cote de Pablo ṣe. Ziva jẹ́ ọbàkan Ari tó pa Kate. Àwọn òǹkọ̀wé náà mú àbúrò apànìyàn wá jókòó sí tábìlì ẹni tí wọ́n pa! Abby kò fẹ́ rí i sójú rárá. Ohun kan péré ni Gibbs mọ̀ tí àwọn yòókù kò mọ̀: Ziva ló yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ nígbà tó fẹ́ pa Gibbs. Gbèsè tí ẹnu kò lè sọ ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Àwọn tó kù, ọdún gbọọrọ ló gbà wọ́n. Ziva kò gbìyànjú láti dà bíi Kate. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń ṣì sọ, ọwọ́ líle rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà wa ọkọ̀ bí ẹni tí ogun ń lé, gbogbo rẹ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Nígbà tó di 2009, ohun gbogbo tún dàrú. Ìjà ṣẹlẹ̀ láàárín Tony àti ọkùnrin tí Ziva fẹ́ràn, Tony sì pa á. Ziva bínú, ó dúró sí Ísírẹ́lì, láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn afẹ̀míṣòfò ní Sòmálíà. Tony àti McGee jọ̀wọ́ ara wọn fún àwọn ọ̀tá kí wọ́n lè dé ibi tó wà. Wọ́n fún Tony ní oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè purọ́, wọ́n so ó mọ́ àga, wọ́n ní kó sọ àwọn tó rán an. Kí ló ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe níbẹ̀. Nígbà tó dé orí Gibbs, ọta ìbọn ti wọlé láti ọ̀nà jíjìn, ó ba ẹni tó ń bi í ní ìbéèrè. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé òótọ́ pọ́ńbélé tí oògùn fà yọ lẹ́nu Tony ni pé wọ́n ní àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ara wọn, òótọ́ yẹn náà ló sì gbà wọ́n là. Ọjọ́ tí wọ́n padà wọ ọ́fíìsì, gbogbo òṣìṣẹ́ dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ṣé gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ yìí ń ṣe ló wá dára? Rárá o. Mo ní láti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìfẹ́ ẹgbẹ́ lè fọ́ ojú ènìyàn sí òfin. Lọ́dún 2010, Abby ń ṣàyẹ̀wò ọ̀ràn àtijọ́ kan fún àwọn ará Mẹ́síkò, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sì já sí orí Gibbs: òun ló pa ọkùnrin tó pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ Abby, ẹni tó fẹ́ràn bíi bàbá ni ẹ̀rí náà sì ń tọ́ka sí. Eré náà jẹ́ kó dà á láàmú, kò sì fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, mo yìn wọ́n fún ìyẹn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí kò bá lè wádìí ara ilé rẹ̀ kò ní ẹnu láti wádìí ará ìta. Bákan náà, kí ọ̀gá iṣẹ́ kankan má sọ pé nítorí Gibbs ń gbá Tony lórí, òun náà á máa gbá òṣìṣẹ́ òun. Inú ìtàn nìyẹn wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún àwọn tó ń ṣe eré nílé wa. Àkókò ni irú ìrẹ́pọ̀ báyìí ń gbà. NCIS ń ṣe apá tó lé ní ogún lọ́dún ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí. Àyè wà fún wọn láti fi ìṣẹ́jú méjì ṣàwàdà lórí oúnjẹ ọ̀sán, láti fa àga wọn sí àárín kí wọ́n jọ ro ọ̀ràn. Eré tó bá ń sáré láti ìbọn dé ìbọn nínú apá mẹ́jọ kò lè ní i. Òṣèré náà gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe. McCallum lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ òkú wò lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe é gan-an, ó sì ń ka ìwé wọn. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nínú eré náà, kì í gbọ̀n, kì í ṣìnà.

Òun ló sì kọ́ wa ní èyí tó jinlẹ̀ jù. Ní 2004, wọ́n pe òṣèré kan tó ń jẹ́ Brian Dietzen fún iṣẹ́ ọjọ́ kan péré: kó ṣe Jimmy Palmer, ọmọ iṣẹ́ Ducky. Palmer ń kọsẹ̀, ó ń sọ ohun tí kò yẹ, Ducky sì ń fi sùúrù kọ́ ọ. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ogún ọdún. Ọmọ iṣẹ́ di dókítà, ó gba yàrá náà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, McCallum jáde láyé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Nígbà tí eré náà fẹ́ ṣe ìdágbére fún Ducky ní oṣù kejì ọdún 2024, Dietzen wà lára àwọn tó kọ apá náà. Ọmọ iṣẹ́ ló kọ ìtàn ìsìnkú ọ̀gá rẹ̀, nínú eré àti lóde eré. Kò sí òǹkọ̀wé tó lè fi ọ̀sẹ̀ kan pilẹ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Àwọn yòókù náà ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: de Pablo ní 2013, Weatherly ní 2016, Perrette ní 2018, Harmon fúnra rẹ̀ ní 2021. Alden Parker, tí Gary Cole ṣe, ló ń darí ẹgbẹ́ báyìí. Oúnjẹ oníyẹ̀fun dídùn ló ń gbé wá sí ọ́fíìsì, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì bá Gibbs du ìwà Gibbs. Ìdí nìyẹn tí àwọn òǹwòran fi gbà á. Ní 2025, Weatherly àti de Pablo padà wá nínú eré tiwọn tí wọ́n fi orúkọ Tony àti Ziva pè, nítorí pé àwọn ènìyàn kò gbàgbé wọn láti gbogbo ọdún yìí wá.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkọ̀wé eré, kẹ́ ẹ tó wá apànìyàn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: bí ẹnì kan bá kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí lọ́la, iṣẹ́ wo ni yóò dúró, ta ni kò ní lè sùn? Bí ẹ kò bá rí ìdáhùn, ẹ kò tíì ní ẹgbẹ́, èrò ọkọ̀ lẹ kó jọ. Ẹ̀yin ọ̀gá iṣẹ́, ìbéèrè kan náà ni mo bi yín nípa àwọn tó wà lábẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí kálukú mọ àyè tirẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ fún un nígbà tó ṣì wà láàyè, tó ṣì wà níbẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.